Ẹ̀yin ará Òkun, báwo la ṣe máa dá ètò iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ fún ọ̀dọ́ ìgboro Kàbà tí kò ní kú lẹ́yìn họ́lidé kan?

ỌmọOwé

Òkun o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́.

Àwa mélòó kan ní Kàbà níbí, nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, tíṣà wà nínú wa, télọ̀ wà, ẹnì kan wà tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù, ẹnì kan ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ti fẹnu kò pé a fẹ́ dá nǹkan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìgboro, láti ọmọ ọdún 12 títí dé bíi 20, àwọn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti gba họ́lidé, kò síbi tí wọ́n ń lọ mọ́ ju ilé tẹ́tẹ́ lọ àti ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n ti ń tẹ fóònù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. A fẹ́ kọ́ wọn ní àwòrán, ijó, ìlù, eré orí ìtàgé, aṣọ, ohunkóhun tó bá ṣáà ti jẹ́ iṣẹ́ ọnà tí ọwọ́ wa bá tó.

Ẹ má rò pé ọmọ burúkú ni wọ́n o. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Ọ̀kan wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù mi tó máa ń fi èédú ya ojú èèyàn sára ògiri búlọ́ọ̀kù, tẹ́ ẹ bá kọjá níbẹ̀ ẹ ò ní béèrè ẹni tó yà, ẹ ó ti mọ̀ ọ́n. Ó ya bàbá tó ń tún táyà ṣe lọ́jọ́sí, ó ya àpá tó wà ní àgbọ̀n bàbá náà pàápàá. Òmíràn wà, ìlù tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó máa lù ú padà lórí kẹ́ẹ̀gì òfìfo láìṣì í. Ta ló ń kọ́ wọn? Kò sẹ́nì kankan.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé irú ètò yìí ti wá sí àdúgbò wa rí. Ẹ́njíò kan ni, wọ́n gba họ́ọ̀lù, wọ́n pín T-shirt, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ìlẹ̀kẹ̀ sínsín, ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tán wọ́n ti fún gbogbo wọn ní sátífíkéètì, wọ́n ya fótò, ó tán. Wọn ò fi ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ táwọn ọmọ máa fi ṣe é lọ. Àwọn ọmọ yẹn ṣì ń bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n ń padà bọ̀. Inú bí mi gan-an, torí ọmọ tẹ́ ẹ bá ti já kulẹ̀ báyẹn, ó máa pẹ́ kó tó tún yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́.

Ìbéèrè mi rèé: kí ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀? Ṣé ká gbowó lọ́wọ́ òbí? Níbo la ti máa rówó ra ohun èlò? Èyí tó jẹ mí lógún jù wá ni pé, kí ló ń mú kí irú ètò báyìí pẹ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí i níbòmíràn, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí.

Aláró_Ògìdì

Òkun o, àbúrò mi. Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́, inú mi dùn pé Kàbà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bọ̀.

Ògìdì Ìjùmú ni mo wà, kò jìnnà sí yín rárá. Kẹ́ ẹ tó máa wá àpẹẹrẹ lọ sọ́nà jíjìn, ẹ wo Mọ̀mí Nike Davies-Okundaye. Ọmọ Ògìdì ni wọ́n, 1951 ni wọ́n bí wọn, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà wọn ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ, kì í ṣe yunifásítì. Nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́, ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, ẹni tí kò níbi tó ń lọ, wọ́n gbà wọ́n wọlé, wọ́n kọ́ wọn ní aró, bàtíìkì, àwòrán àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ti Ògìdì nílé níbí, táwọn obìnrin wa ti ń hun aṣọ, ti Abuja náà wà, ti Èkó tí gbogbo ayé mọ̀ náà wà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí níbẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ àti ibi tí wọ́n ti ń tajà kò jìnnà síra wọn. Ohun tí ọmọ ṣe, ẹnì kan wà tó máa rí i, tó sì lè rà á. Ìyẹn ló ń mú ọmọ dúró. Ọmọ tó bá ti rí i pé àlejò kan kówó sílẹ̀ ra aṣọ tí òun fọwọ́ ara òun ṣe, ẹ ò ní ránṣẹ́ pè é lọ́jọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà lẹ máa bá a. Èyí tẹ́ ẹ bá fún ní sátífíkéètì lásán, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa tì í sí.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, aró ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí kì í pẹ́ kí ọmọ tó rí èrè ọwọ́ rẹ̀. Adìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń sọ. Ẹ ro ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ kó ki, ẹ fún ọmọ ní ìyẹ́ adìẹ kan, kó fi ya ohun tó bá wù ú sára aṣọ funfun, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó rì í sínú ìkòkò aró. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fà á jáde kì í ṣe búlúù lẹ máa rí o, àwọ̀ ewé ló máa ní, ẹ ní kí ọmọ yẹn dúró kó tẹjú mọ́ ọn, bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i bẹ́ẹ̀ ló ń yí padà di búlúù lójú rẹ̀, ẹ tún rì í, ẹ tún fà á jáde, bẹ́ ẹ bá ṣe rì í tó ló ṣe máa dúdú tó. Ìgbà tí wọ́n bá wá ha ẹ̀kọ yẹn dànù tí àwòrán wọn yọ ní funfun, hẹn, ẹ máa gbọ́ ariwo. Mo ti rí i lójú àwọn ọmọ tí òbí wọn ní wọn ò lè jókòó jẹ́ẹ́ síbì kan.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Aró ìgbàlódé tí wọ́n ń fi kọ́sítíìkì sódà àti háídíróòsì po, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kékeré fọwọ́ kàn án láéláé. Àgbà ni kó po ó, níta gbangba tí atẹ́gùn wà, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Kọ́sítíìkì lẹ máa dà sínú omi díẹ̀díẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ da omi lé kọ́sítíìkì lórí, ó máa hó ta síni lójú. Ní tèmi, élú ni mo fẹ́ràn jù fáwọn ọmọ, ewé ni, omi eérú la fi ń ṣe é, ìbọ̀wọ́ ṣì yẹ lọ́wọ́ wọn o, àmọ́ kò le tó ti kẹ́míkà. Sùúrù ló kàn gbà, torí kò lè ṣe é lò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rẹ ẹ́, ó ní láti jókòó nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan.

Tí wọ́n bá ti mọwọ́ aró, ẹ wá mú wọn dé ìdí òfì. Òfì tàwọn ìyá wa ni mò ń wí, èyí tí wọ́n ń gbé ti ògiri lóòró, tí ìyá máa jókòó kọjú sí, tó ń fi apásà gbá òwú wọlé, kì í ṣe ti àwọn ọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ tín-ín-rín. Bùnú, Ìjùmú, Ìyàgbà, Owé, kò síbi tí kò sí nílẹ̀ wa. Ẹ sì mọ aṣọ ìpò Bùnú, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn èèyàn ńlá, àwọn òyìnbó ti kọ ìwé lórí ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tiwa ò rí i rí. Òfì yìí kì í ṣe ohun olówó ńlá, igi méjì lóòró, méjì ní ìbú, káfíńtà tó bá mọṣẹ́ á kàn án fún yín. Ìyá tó máa kọ́ wọn ló ń dínkù. Ẹ tètè wá wọn.

ỌmọÌjùmú_Bàrígà

Ẹ ṣé mọ̀mí. Ẹ jẹ́ kí n mú ti eré àti ijó wá, torí Bàrígà l'Ékòó ni mò ń gbé, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe máa ń pe Bàrígà, tẹ́ ẹ bá gbọ́ orúkọ yẹn nínú ìròyìn jàgídíjàgan ló máa ń jẹ́. Bàrígà yìí náà ni Crown Troupe of Africa ti bẹ̀rẹ̀ ní 1996, Ṣẹ́gun Adéfilà ló dá a sílẹ̀, ijó, ìlù, orin àti eré ni wọ́n ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọ àdúgbò ló sì pọ̀ nínú wọn. Lónìí a ti ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ti ibẹ̀ jáde tí àwọn náà ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ ẹlòmíràn. Ọgbọ̀n ọdún ń lọ, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé owó pọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn ò kó kúrò láàárín àwọn èèyàn wọn ni.

ỌmọOwé, lórí ìbéèrè rẹ pé kí ló ń mú un pẹ́, ẹ lọ wo ìtàn Òṣogbo. Ní 1962 Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ níbẹ̀, nígbà tó di 1964 ni ayàwòrán kan, Georgina Beier, ṣe wọ́kísọ́ọ̀pù tí gbogbo ayé wá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ta ni àwọn tó wá síbẹ̀? Kì í ṣe ẹni tó ti kọ́ àwòrán yíyà nílé ìwé gíga. Jímọ̀ Bùràímọ̀, iṣẹ́ iná ló ń ṣe fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀. Twins Seven Seven tó wá di gbajúmọ̀ ayàwòrán, ijó ló ń jó kiri pẹ̀lú àwọn tó ń ta oògùn nígbà tó yà síbẹ̀. Òun náà ọmọ Ògìdì wa yìí ni o, ẹ má gbàgbé! Nígbà tó di 2005, UNESCO fi jẹ Artist for Peace, ọdún 2011 ló sì kú.

Ohun tó yé mi nínú ìtàn yẹn ni pé wọ́kísọ́ọ̀pù náà fúnra rẹ̀ ò pẹ́. Ọjọ́ díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó parí, wọn ò ti ilẹ̀kùn. Georgina ṣì ń gbé ní Òṣogbo nígbà náà, àwọn ọmọ náà ń wọlé ń jáde, kún-ùn àti pépà wà níbẹ̀ fún wọn, ẹni tó ń wò ó bá wọn wà níbẹ̀, ẹni tó ń bá wọn wá oníbàárà wà níbẹ̀. Ẹ́njíò tó wá sọ́dọ̀ yín, ìyẹn gan-an ni wọn ò ṣe. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó ṣí họ́lidé prógíráàmù, ẹ kọ́kọ́ dá ọjọ́ kan tí kì í yẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, bó jẹ́ ẹ̀yin méjì péré lẹ wà níbẹ̀, kí ọmọ tó bá dé bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Kíláàsì kan nílé ìwé tó, abẹ́ igi náà tó. Họ́ọ̀lù tẹ́ ẹ máa san owó rẹ̀ yẹn, ẹ fi sílẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Kàbà

Mo kí gbogbo yín o. Ẹ ò tíì sọ tiwa tá a jẹ́ òbí.

Mo ní ọmọbìnrin ní SS2. Ó fẹ́ràn ijó, kò burú, mi ò sọ pé kò má jó. Ṣùgbọ́n ta ni ẹni tó máa kọ́ ọ? Aago mélòó ni wọ́n máa tú ká? Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa lágbára o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n fi ọmọ mi sílẹ̀, àgbà méjì ni kó wà nínú yàrá ní gbogbo ìgbà, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin, kí ilẹ̀kùn àti fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí tíṣà kankan má ṣe máa pe ọmọ lórí fóònù lóru, kí ilẹ̀ sì tó ṣú kí gbogbo wọn ti délé. Kẹ́ ẹ pe ìpàdé òbí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ ká rí ojú yín. Ibi tẹ́ ẹ bá ti ń fi fótò ọmọ wa sórí Facebook náà, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wa.

Èkejì, ọjọ́ ọjà. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí ló ń bá ìyá wọn gbé igbá. Ọjọ́ ọjà tẹ́ ẹ bá fi sí, àwọn tó nílò rẹ̀ jù ò ní lè wá, àwọn ọmọ tí òbí wọn rí jájẹ nìkan lẹ máa kọ́.

Lórí owó, ẹ má gba ńlá, ẹ má sì ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ pátápátá. Kí òbí kọ̀ọ̀kan mú ohun tó bá ní wá, aṣọ funfun, kẹ́ẹ̀gì, ìrẹsì tí wọ́n máa sè lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣeré. Òbí tó bá ti mú nǹkan wá, ó máa fẹ́ mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀.

Ọ̀wọ́rọ̀_Lọ́kọ́ja

Ẹ kú àlàyé. Lọ́kọ́ja ni mo wà, ọ̀rọ̀ ò yàtọ̀ níbí, àwọn ọmọ tó wà ní ìgboro wa pọ̀ ju tiyín lọ, Ọ̀wọ́rọ̀, Íbírà, Ígálà, Núpé, Haúsá, gbogbo wọn ló ń ṣeré pọ̀.

Mo bọ̀wọ̀ fún mọ̀mí Aláró o, àmọ́ mo fẹ́ ta ko nǹkan kan. Òfì àti élú dára, ṣùgbọ́n ọmọ ìgboro tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 lónìí, fídíò ló fẹ́ ṣe. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gé fídíò, bí wọ́n ṣe ń po orin pọ̀ lórí fóònù, bí wọ́n ṣe ń ya kátúùnù tó ń rìn. Tẹ́ ẹ bá pè é wá sídìí òfì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó máa rò pé iṣẹ́ ìyá àgbà lẹ fẹ́ fún òun, kò ní padà wá. Fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ fi pè é.

Ìtàn tí wọ́n máa fi ṣe fídíò kò sì wọ́n wa. Níbí ni Lugard ti gbé àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900, ilé ìwé tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther dá sílẹ̀ ní 1865 ṣì wà, Iron of Liberty níbi tí wọ́n ti ń tú ẹrú sílẹ̀ wà, òkè Pàtì wà lórí wa. Omíyalé 2012 ṣẹlẹ̀ níbí, ti 2022 sì ṣojú àwọn ọmọ yìí. Lẹ́yìn ti 2022 yẹn mo fún àwọn ọmọ àdúgbò wa kan ní pépà àti kírẹ́yọ́nù, mi ò tiẹ̀ sọ ohun tí wọ́n máa yà, omi ni gbogbo wọn yà, omi dé òrùlé, ọmọbìnrin kan ya ewúrẹ́ wọn sórí páànù. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n gbé e sí. Ẹ ò rí i pé ọmọ ní ohun tó fẹ́ sọ, ibi tó ti máa sọ ọ́ ni kò rí.

Ẹ tún ya ọ́fíìsì Council for Arts and Culture ti ìpínlẹ̀ wa níbí wò. NAFEST, ayẹyẹ àṣà tí ìjọba àpapọ̀ ti ń ṣe láti 1970, tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó oníjó àti oníṣẹ́ ọnà lọ, àwọn ló ń ṣètò tiwa. Tí ẹgbẹ́ yín bá ti ń ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ wà.

Aláró_Ògìdì

@Ọ̀wọ́rọ̀_Lọ́kọ́ja ọmọ mi, o ṣé, mo gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà tán. Fóònù tó ò ń wí yìí, ṣé kì í ṣe òun ni wọ́n ń tẹ̀ láti àárọ̀ tó jẹ́ kí ỌmọOwé wá kọ ọ̀rọ̀ síbí? Ọmọ tó ti wo fídíò ẹlòmíràn láti àárọ̀, jẹ́ kó rí nǹkan tó nípọn lọ́wọ́, tó ní òórùn, tó lè bà jẹ́ tí kò bá fara balẹ̀. Fídíò tí kò dáa, á kàn pa á rẹ́ ni. Aṣọ tí kò dáa, ó máa gbé e dání, ó máa wo ibi tó ti ṣì í, ó máa tún un ṣe. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kó kọ́ nìyẹn.

Tó bá wá fẹ́ fi fóònù ya aró náà nígbà tó ń di búlúù, kí ó yà á, mo fara mọ́ ọn. Òun ló máa bá wa tà á.

Ìyàgbà_ní_Boston

Òkun o gbogbo yín. Ẹ̀gbẹ̀ ni ilé wa, Boston ní Amẹ́ríkà ni mo wà báyìí, mo ní kí n sọ ohun tó wà níbí torí ó jọ ohun tí mọ̀mí ń sọ.

Ẹgbẹ́ kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní Artists For Humanity. 1991 ni wọ́n dá a sílẹ̀, obìnrin ayàwòrán kan, Susan Rodgerson, pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà tí wọn ò tíì pé ogún ọdún. Àwọn ọmọ ìgboro ni wọ́n ń gbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ilé tí kò lówó ni wọ́n ti wá. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ọmọ yẹn kì í sanwó, àwọn ni wọ́n ń sanwó fún. Lẹ́yìn ilé ìwé, wọ́n máa lọ síbẹ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n máa bọ́ sábẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, àwòrán yíyà, fótò, fídíò, dìsáìnì, ère gbígbẹ́. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ àwòrán sára ògiri rẹ̀, tó fẹ́ lógò, tó fẹ́ nǹkan tí wọ́n máa gbé sí lọ́bì, á gbé iṣẹ́ wá fún wọn, á sanwó rẹ̀. Nígbà tó di 2004 wọ́n ti kọ́ ilé ńlá tiwọn.

Kì í ṣe pé owó ọjà yẹn nìkan ló ń gbé wọn ró o, àwọn olówó àti àwọn àjọ ń ta wọ́n lọ́rẹ, Amẹ́ríkà ni, irú owó bẹ́ẹ̀ wà níbí. Ẹ má retí pé aṣọ mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá tà ló máa san gbogbo gbèsè. Ṣùgbọ́n owó díẹ̀ tó bá wọ ọwọ́ ọmọ látinú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó máa ń yí bó ṣe ń rí ara rẹ̀ padà, ó tún ń jẹ́ kí òbí tó fẹ́ kó wá ta omi píọ́wọ́tà jẹ́ kó lọ.

Ẹ ronú nípa Kàbà. Ta ló ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù àwọn ṣọ́ọ̀bù tuntun? Ta ló ń ya àwòrán sára ògiri àwọn nọ́sìrì? Aṣọ ẹbí ńkọ́, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ là ń ṣe òkú àti ìgbéyàwó nílẹ̀ Òkun, kí ló dé tí ìdílé kan ò lè ní kí àwọn ọmọ yín pa aṣọ ẹbí wọn láró? Ẹni tó ń lu kẹ́ẹ̀gì yẹn, ẹ wá ìlù gidi fún un, ẹ kó wọn jọ, kí wọ́n máa lọ ṣeré níbi òde. Ẹni tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù tó wà nínú ẹgbẹ́ yín, kó mú ọmọ tó ń fi èédú yàwòrán yẹn sọ́dọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó má dúró de ìgbà tẹ́ ẹ máa ṣí ètò.

Kẹ́ ẹ ṣáà kọ àkọsílẹ̀ owó o. Iye tó wọlé, iye tẹ́ ẹ fi ra òwú àti aró, iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí gbogbo èèyàn rí i. Àwa tá a wà lókè òkun níbí, a fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, àkọsílẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí wa.

Kọ́pà_tó_dúró

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé àwa kọ́pà o. Kàbà ni wọ́n rán mi wá sìn, mo parí tán, mi ò lọ mọ́. Gbogbo kọ́pà ló ń ṣe CDS, ìyẹn iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kọ́ fine art tàbí theatre arts, tó jẹ́ pé títì gbígbá ni wọ́n ń fi ọjọ́ yẹn ṣe. Ẹ lọ bá àwọn tó ń bójú tó wọn ní lókà gọ́fúmẹ́ǹtì. Àmọ́ ẹ rántí pé ọdún kan ni kọ́pà ń lò, ẹ má fi kọ́pà ṣe òpó ilé yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ ìlú lẹ máa di kọ́kọ́rọ́ mú.

ỌmọOwé

Háà. Ẹ ṣé púpọ̀, mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn tá a jọ ń ṣe é, a jókòó lé e lórí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mọ̀mí Ìbejì, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ nípa àwọn ọmọbìnrin la gbà, télọ̀ tó wà nínú wa, obìnrin ni, ó ní òun máa wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, a sì máa pe ìpàdé òbí kí ọmọ kankan tó wá. Ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà la máa lò, aago mẹ́ta sí márùn-ún ààbọ̀, wọ́n á ti délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Tíṣà wa ti bá ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n máa jẹ́ ká lo kíláàsì kan. CCA, ìyẹn ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́ ọnà, wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ní JSS níbẹ̀, kò sí búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, ẹnu lásán ni, nítorí náà inú ọ̀gá náà dùn.

A ò ní ṣe sátífíkéètì. Ohun tá a fẹnu kò lé lórí nìyẹn, ó le díẹ̀ torí ẹnì kan nínú wa fẹ́ ẹ gan-an. A ò sì ní kéde rẹ̀ lórí rédíò títí a ó fi ṣe é fún tọ́ọ̀mù kan láìdá ọjọ́ kankan sí. Aró la fi ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìlù. Òfì á tẹ̀lé e tá a bá ti rí ìyá tó máa kọ́ wọn, ẹnì kan ti júwe ìyá àgbà kan fún wa ní ọ̀nà Bùnú, a máa lọ kí wọn. Ọ̀rọ̀ fídíò, ẹ̀gbọ́n mi ti Lọ́kọ́ja, ọmọ méjì la máa yàn láti máa ya gbogbo rẹ̀, àwọn ló máa ni fídíò náà, kì í ṣe àwa.

Ọmọ eléèédú yẹn ti wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù báyìí. Ó ti ń bá a fi kún-ùn kún inú lẹ́tà.

Mọ̀mí Aláró, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè wá sọ́dọ̀ yín ní Ògìdì kí àwa àgbà kọ́kọ́ kọ́ ọ ná? Kí la máa mú dání? Ọ̀kan nínú wa ti ra aṣọ funfun olówó pọ́ọ́kú lọ́jà, ṣé ó máa ṣe é lò?

Aláró_Ògìdì

Ẹ máa bọ̀ ní Sátidé, ẹ tètè kúrò nílé kí oòrùn tó mú. Aṣọ olówó pọ́ọ́kú yẹn, ẹ fa òwú kan yọ létí rẹ̀, ẹ ṣáná sí i. Tó bá yọ́ tó ṣù bíi rọ́bà, pọ́lísítà ni, ẹ dá a padà, élú ò ní mú un, ẹ máa ṣiṣẹ́ lásán. Tó bá jó bíi pépà tó di eérú, kọ́tìnì ni, ẹ mú un wá. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kí ìda tí wọ́n fi ń ṣe é nílé iṣẹ́ kúrò lára rẹ̀, ẹ má sì fi sítáàṣì sí i. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí kálukú mú tirẹ̀. Aṣọ tẹ́ ẹ bá wọ̀ wá, kó jẹ́ èyí tí kò ní dùn yín tó bá di búlúù. Ẹ mú ọmọ tó ń lu ìlù yẹn dání tí òbí rẹ̀ bá gbà, ọkọ mi ní gángan tó ti pẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń lù ú mọ́, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọwọ́ rẹ̀.